Ohùn Akólòlò Lẹ́nu Géètì

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Ìyá Súnmọ́lá ló ń ṣọ́ géètì ilé-ìwé kan ní Achara Layout, ní Enugu.

Fóònù rẹ̀ ń dún.

"Mà-mà-màmá, èmi Ayọ̀wálé ni. Ẹ fa Tó-Tó-Tósìn lé dírẹ́bà mi lọ́wọ́."

Ẹ̀rín pa Màmá. Ta ni ò mọ Ayọ̀wálé, aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n? Ọdún mẹ́tàlá ló ti ń kólòlò, tí ìlú ń rẹ́rìn-ín. Màmá ò rí i lójúkojú rí. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń wá mú ọmọ.

Dírẹ́bà ti dúró síta. Màmá ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo.

Tósìn, ọmọ ọdún méje, di ìró rẹ̀ mú.

"Ta ló pè yín?"

"Dádì ẹ ni. Àbí o ò gbọ́ bó ṣe ń kólòlò ni?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún.

"Dádì mi kì í kólòlò. Inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Àṣé ẹ̀rọ ni àwọn oníjìbìtì fi jí ohùn orí tẹlifíṣọ̀n yẹn lò! Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

"Mama, open gate na!" Dírẹ́bà ń gbá géètì.

"Mà-mà-màmá," ni fóònù ń wí, "ẹ dá mi lóhùn."

Bí òun bá dáhùn, tí wọ́n sì jí ohùn tòun náà ńkọ́?

Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Kò sọ nǹkan kan mọ́.