Fíìmù Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Kú Nínú Rẹ̀

Oòrùn kò tíì gun orí òrùlé nígbà tí Sùlíyá ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú ẹ̀rọ fídíò. Gbogbo ará ilé náà ní Agége, láti iyàrá iwájú títí dé ilé ìdáná ẹ̀yìn, ni wọ́n mọ ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́: agogo kẹ̀kẹ́, igbe ewúrẹ́, lẹ́yìn náà ohùn ọkọ ìyàwó kan tí ń bẹ ewúrẹ́ náà pé kí ó má jẹ fìlà òun lójú àna. Fíìmù tí Kàsúmù, ọkọ Sùlíyá, fẹ́ràn jù nìyẹn. Láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ nǹkan di ọ̀wọ́n, ti ti ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tí ó ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà pa, tí eruku òwú tí ó fà símú níbẹ̀ sì ti di ikọ́ sí i láyà, agbára káká ni ọjọ́ kan fi ń kọjá kí ó má wò ó, bí iná bá ti wà. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, a ní, "Ẹnikẹ́ni kì í kú nínú rẹ̀. Ẹ fi pípa ènìyàn sílẹ̀ fún àwọn sójà."

Agbẹjọ́rò ti ránṣẹ́ ní alẹ́ àná pé wọn yóò tú Muhydeen, ọmọ wọn kan ṣoṣo, sílẹ̀ ní àtìmọ́lé kí ilẹ̀ ọjọ́ yìí tó ṣú. Ìgbà tí ìjọba ológun fagi lé ìbò, tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta, ni wọ́n gbé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Muhydeen fẹ́ jáde lọ bá àwọn ọ̀dọ́ náà, Kàsúmù dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní bí ó bá kọjá òun, kí ó má padà wá síwájú òun mọ́. Muhydeen kọjá. Láti ìgbà náà, bàbá kò pe orúkọ ọmọ létí ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni Sùlíyá ń fẹ́ lọ́jọ́ náà: kí ọmọ náà rí ojú bàbá rẹ̀.

Ó ti tún iyàrá ṣe. Ó ti nu ojú ọkọ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó da aṣọ bò ó dé àyà. Ó ṣí fèrèsé ẹ̀yìn sílẹ̀, ó fa kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Kò pẹ́ tí Sìlífátù, aránṣọ tí iyàrá rẹ̀ dojú kọ tiwọn, fi ké láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ìyá Muhydeen! Ewúrẹ́ yín tún ti jí!"

"Ó ti jí o."

"Ẹ bá mi kí Bàbá. Mi ò gbúròó ikọ́ wọn láti àárọ̀. Oògùn yẹn mà ṣiṣẹ́ o!"

"A dúpẹ́."

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dárí ji ọmọ yẹn. Bí wọ́n bá fajú ro lónìí, màá wọnú tẹlifíṣọ̀n yẹn, màá fa ewúrẹ́ yẹn jáde, a ó sì fi ṣe sàráà."

Fíìmù dé ibi tí ewúrẹ́ ti já fìlà gbà lórí ọkọ ìyàwó. Ibẹ̀ ni Kàsúmù ti máa ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn ará ilé a sì máa bá a rín in láti ẹ̀yìn ògiri. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín Sùlíyá nìkan ni wọ́n gbọ́.

"Inú ń bí Bàbá lóòótọ́," ni Sìlífátù wí fún oníbàárà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Àáfà Abdulkabir, tí ń ṣe lémọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò, wá sálámà níwájú kọ́tìnnì. Sùlíyá yára jáde, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

"Mo ní kí n wá wo aláìsàn, kí n sì ṣe àdúà fún un."

"Ẹ ṣeun, Àáfà. Wọn ò ní rí ẹnikẹ́ni lónìí, àfi tí ọmọ wọn bá dé."

Àáfà rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin yìí! Ẹ̀ẹ̀melòó ni ènìyàn ń wo ewúrẹ́ kan náà?"

"Òun ló ń tù wọ́n nínú."

"Kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà."

"Àmín."

Ó ti yí padà tán nígbà tí Nẹ́pà mú iná lọ. Ilé dákẹ́ lójijì. Àáfà padà.

"Kò kúkú sí fíìmù mọ́ báyìí. Jẹ́ kí n kí i."

Sùlíyá dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi ẹnu ọ̀nà mú. "Àáfà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kọ́kọ́ wọlé."

Àáfà wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa, Ìyá Muhydeen. Bó bá dìrọ̀lẹ́, n ó padà wá."

Sùlíyá wọlé, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó sì ń fẹ́ ọkọ rẹ̀. Apá ń ro ó, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí eṣinṣin kan bà lé e. Nígbà tí iná dé, ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún tẹ̀ ẹ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ariwo ayọ̀ sọ lójúde. Muhydeen ti gbẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rọ̀ sí i lọ́rùn bí aṣọ tí a sá. Sìlífátù rọ̀ mọ́ ọn.

"Yéè! Àwọn sójà yìí jẹ ẹ́ ku egungun!"

Ọmọ náà tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fetí sí igbe ewúrẹ́ nínú iyàrá.

"Màámi, ṣé inú ṣì ń bí wọn sí mi?"

"Rárá. Inú kò bí wọn mọ́. Wọlé."

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, iwájú orí rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. "Bàbá mi, mo jẹ̀bi. Ẹ dárí jì mí." Ó dúró. Lóde, àwọn ará ilé ń tẹ́tí. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ bú mi. Ẹ ṣáà pe orúkọ mi."

Sùlíyá pa tẹlifíṣọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ sókè, ó sì rọra wí fún un pé, "Wò wọ́n dáadáa, ọmọ mi, nítorí láti ìdájí ni wọ́n ti kú, bí mo bá sì jẹ́ kí Àáfà gbọ́ ni, erùpẹ̀ ibojì nìkan ni ìwọ ì bá bá."