Ẹ̀rọ Tí Olúdáre Rán Wá Sùn

Nǹkan mẹ́ta ló kù díẹ̀ káàtó nínú yàrá tí Mojírọ́lá ń sùn nílé ìtọ́jú arúgbó náà: fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí, ògì wọn kò kan, ògiri tó ń kí Mojírọ́lá láràárọ̀ kì í sì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ń gbé ènìyàn dìde jẹ́jẹ́, ohun tí ọwọ́ Mojírọ́lá kò lè ṣe fún ìyá rẹ̀ mọ́ nílé.

Òfin ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ilé ìtọ́jú arúgbó fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó fi òbí wọn síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka aṣojú léèwọ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí Olúdáre ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán wá láti Kánádà ló dùbúlẹ̀ sí yàrá kejì.

Mojírọ́lá yọjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe rí ibẹ̀ sí?"

"Ó dára," ohùn Olúdáre dáhùn láti àyà ẹ̀rọ náà. "Kí Màámi máa bọ̀."

"Ògì wọn ńkọ́?"

"Ó dùn."

Mojírọ́lá wo ife ògì tó ti dì sórí tábìlì ẹ̀rọ náà. "Ẹnu wo lẹ fi tọ́ ọ wò? Màámi ní ibi tí àwa méjèèjì bá yàn làwọn ó lọ. Ẹ wọkọ̀ òfurufú, Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ara yín dùbúlẹ̀ síbí, kí ẹ tó tún dá mi lóhùn."