Iṣẹ́ Tí Kò Pariwo

“Kọfí!” ni ẹnjiníà kọ̀ǹpútà kan ké mọ́ Bíyìí, igbá-kejì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Smyrna. “Mo pààrọ̀ sensor tó ń mú orúkọ ẹni tó bá ṣe jàǹbá lórí ogójì server, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ilé ìwòsàn, ẹyọ kan kò kú, nọ́ọ̀sì kan kò fura. Ẹni tó po kọfí ni ọ̀gá wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nípàdé!”

“Uncle, ẹ má bìínú. Iṣẹ́ tó dáa kì í pariwo.”

“Tèmi á pariwo lónìí!”

Bí Bíyìí ti jáde, ẹnjiníà fi password ara rẹ̀ wọ orí kọ̀ǹpútà, ó pa server tó ń gbé orin síta fáwọn àlejò, èyí tí kò lè pa aláìsàn kankan lára. Ó wá tún táì rẹ̀ ṣe bí ọkọ ìyàwó, ó ń retí kí wọ́n sáré wá bẹ̀ ẹ́.

Kò pé ìṣẹ́jú kan tí fóònù dún. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ni.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, mò ń bọ̀ wá tún un ṣe.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà,” ni màmá náà wí. “Sensor yín mà mọṣẹ́ o. Orúkọ yín ló kọ́kọ́ mú.”