Orúkọ Tí Ìyàwó Kì í Pè

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ilé Euloge?"

Sylvie ló ń kọ ọ́ sínú gúrúùpù ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ lórí fóònù.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọn ò rí ojú ara wọn rí.

Euloge tó máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún un níbẹ̀ ló kọ̀wé sí i láàárọ̀ yìí: "Sylvie, ayé sú mi. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ló ṣe mí. Ó dìgbóṣe."

Ó pè é. Kò gbé e.

Ó tún ń pè é bó ti ń sáré kúrò nídìí ààrò, ó fẹ́ wọlé mú gèlè, kó wá a lọ.

Fóònù kan ń dún nínú ilé.

Ní yàrá Akọ̀wé, àbúrò ọkọ rẹ̀.

Lábọ̀dé ni orúkọ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń pè é. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ ní Kpankou, ìlú wọn, ìdí nìyẹn tí Sylvie fi sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Kò béèrè orúkọ tó ń jẹ́ nílé ìwé rí.

Oúnjẹ tó gbé síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ lánàá ṣì wà níbẹ̀. Eèrà ti bò ó.

"Euloge!" Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn. "Euloge, ṣílẹ̀kùn! Èmi Sylvie ni!"

Ó tún lù ú.

Lẹ́yìn náà, ohùn kan jáde, kò le:

"Ìyàwó wa… ìwọ ni Sylvie?"