Ẹni Tó Máa Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Télọ̀ náà tún tẹ bọ́tìnnì. Máíkírówéèfù ké pìì pìì, ó sì kọ E5 sójú gíláàsì rẹ̀. Ó yọ ọ́ lára iná, ó tún fi í sára iná padà, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. E5 náà ni. Gáàsì ti tán, ọbẹ̀ dì gbagidi bí òkúta, ebi sì ń ta á nífun.

Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń yan ara wọn lódì láti ọjọ́ Àìkú, télọ̀ sì ti búra pé òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ la ẹnu.

Ó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà.

"Ẹ káàsán, sà. Kí la lè bá yín ṣe?"

Ohùn ìyàwó rẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ká máa bá oríṣiríṣi kọ́ńpìnnì gbé fóònù ló ń ṣe. Kò mọ̀ pé onímáíkírówéèfù wà lára wọn. Ó fẹ́ pa fóònù. Ebi kò jẹ́.

"Ó ń kọ E5."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé ẹ ti gbá a?"

"Mo ti gbá a."

"Mo mọ̀ pé ẹ ó gbá a. Ẹ nu ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Epo dídì ni kò jẹ́ kó tì dáadáa."

Ó nù ún, ó tì í. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ṣé nǹkan mìíràn tún wà, sà?"

Télọ̀ wo ọbẹ̀ tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé kí n bu tìẹ sílẹ̀?"



"Wọ́n ń gba ohùn wa sílẹ̀ o, sà." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ fi ẹran méjì sí i."