Clayton Kò Jẹ Owó-Orí, Àmọ́ Kò Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìlà méjì, tẹ́ ẹ á ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, ẹ ní sùúrù lónìí. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ìwọ tó o ní ìwé kan nílé tó o ń sọ fún lójoojúmọ́ pé, "Ó dọ̀la."

1.
Ọdún méje ni Clayton Rusk, ọmọ Nebraska ní Amẹ́ríkà, ti fi ń kọ́ àwọn ará Brno, ìlú kan nílẹ̀ Czech, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà tó le ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbàgbé láti buwọ́ lu ìwé ìdánwò rẹ̀, òdo ni yóò gbà, ì báà gba gbogbo ìbéèrè. Clayton á na imú sókè bí ẹni pé òun ló dá ábídí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwa tíṣà ọmọ Amẹ́ríkà máa ń pàdé nílé bíà kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ reluwé. Tó bá ti di oṣù kẹfà, Màmá Marlene, àgbà wa, á bẹ̀rẹ̀ ariwo.

"Ṣé ẹ ti kọ ìwé owó-orí yín ránṣẹ́ sílé? Ọmọ Amẹ́ríkà ò lè sá fún un o, ì báà máa gbé inú ihò!"

Clayton á bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, wọ́n ń yọ owó-orí mi níbí. Owó oṣù mi kéré débi pé Amẹ́ríkà ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n wá kọ lẹ́tà sí wọn pé mi ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan ni?"

"Ohun tí wọ́n ní kó o kọ gan-an nìyẹn! Òfin á yọ ẹ́ sílẹ̀, àmọ́ o gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè."

"Ẹ jẹ́ kí n mu bíà mi jàre."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù, torí èmi náà ò tíì kọ tèmi.

2.
Nígbà tí oṣù kẹrin ọdún keje ń parí lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Noreen, pè é láti ilé.

"Clay, apá mi ò ká a mọ́. Bàbá ti bọ́ bàtà sínú ààrò, wọ́n tún ń bi mí bóyá ó ti jinná. Tí ìwọ àti Radka ò bá tíì dé kí wọ́n tó kórè àgbàdo tán, mo máa mú wọn lọ sílé ìtọ́jú arúgbó, mo sì máa ta ilé."

Nọ́ọ̀sì ni Radka, ìyàwó Clayton, oyún rẹ̀ sì ti yọ. Clayton ò lè fi í sílẹ̀ lọ.

"À ń bọ̀ ná. Físà Radka ló kù, ìgbésẹ̀ kan péré."

Bàbá já fóònù gbà. "Clay, tètè máa bọ̀ kí n tó gbàgbé ojú ẹ."

3.
Wọ́n wọ reluwé lọ sí ẹ́mbásì Amẹ́ríkà ní Prague, olú ìlú Czech. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì tú fáìlì wọn títí.

"Ìwé owó-orí yín dà, ọ̀gbẹ́ni?"

"Mi ò jẹ owó-orí kankan, mà."

"Ṣé mo ní ẹ jẹ ni? Ìwé ni mo ní ó dà. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìyàwó wọ ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ fi hàn."

Kò sí ìwé, kò sí físà. Wọ́n tún wọ reluwé padà sí Brno. Clayton ń jókòó, ó ń dìde, bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀.

"Ọdún méje, Clayton," Radka sọ. "Ìwé tí wàá kàn kọ òfo sí."

4.
Nígbà tí Màmá Marlene gbọ́, ó ní, "Gbé ìwé náà wá, jẹ́ ká jọ wò ó."

"Màmá, tíṣà ni mí. Mo mọ̀wé kà."

Ó sáré kọ ọ́, ó sáré lẹ̀ ẹ́, ó sáré fi ránṣẹ́. Ló bá di ẹni tó ń yẹ àpótí lẹ́tà wò nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Obìnrin tó ń pín lẹ́tà wá ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó má bàa pàdé rẹ̀. Clayton ò lè jẹun, kò lè sùn. Àgbàdo Nebraska ń ga sí i.

Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, àpò ìwé kan dé. Ìwé òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n dá padà. Kò buwọ́ lù ú.

Radka wo ìwé náà, ó wo ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún tẹ̀ lé e.

"Òdo lo gbà, tíṣà."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló sáré lọ kan ilẹ̀kùn Màmá Marlene. Àmọ́ ìwé ìjọba kì í sáré. Radka bímọ ọkùnrin. Wọ́n kórè àgbàdo tán. Noreen tún dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ṣe ohun tó sọ.

5.
Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni físà tó jáde. Nígbà tí wọ́n dé Nebraska, ilé ti di ti ẹlòmíì. Nílé ìtọ́jú ni wọ́n ti bá Bàbá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Bàbá, èmi rè é."

Bàbá kí i bí èèyàn ṣe ń kí àlejò. Ó wá rí ọmọ tó wà lọ́wọ́ Radka, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Clay! Clay mi, o ti dé!" Ó gbọ́mọ mọ́ra, ó yíjú sí Clayton. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ṣeun o, tẹ́ ẹ bá mi mú ọmọ mi wálé."

Clayton fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Mi ò rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà Màmá Marlene, mo bá tíṣà mẹ́rin tó ti tò síbẹ̀ ṣáájú mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí kò jẹ gbèsè gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò jẹ, kó sì buwọ́ lù ú. Ìwé tó o fojú tín-ín-rín lónìí lè jókòó sáàárín ìwọ àtẹni tó bí ẹ lọ́la. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.