Àdúrà Tó Kó Bá Mi

Àdúrà lásán ni mo ṣe o! Èmi Ìbídùn ni mò ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn wa. Mo pàdé Tinúadé àti ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu géètì, mo ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o!" Oyún tí mo rí nínú ìwé rẹ̀, tí kò tíì yọ, tí Tinúadé kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni! Kí n tó pa ẹnu dé, ẹ̀gbà òfin ọwọ́ mi, tó máa ń pọ́n bí a bá tú àṣírí aláìsàn, ti di pupa fòò.

Ìjìyà rẹ̀ nìyí: fún ọjọ́ méje, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ìròyìn kankan fún mi. Ọ̀rọ̀ òjò nìkan ni ọkọ mi ń bá mi sọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè!

Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ̀gbà padà di àwọ̀ ewé. Tinúadé ló kọ́kọ́ wá bá mi níbi iṣẹ́.

"Forí jì mí, Tinúadé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Àǹtí, ìbejì ni. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àfi bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe wọlé.

"Ìbídùn, kí lò ń jó sí?"

Oòrùn ń ràn ganrínganrín níta.

"Òjò ni, Mà. Òjò ńlá ń bọ̀!"